Tọ́ Ọ Wò

Nígbà kan rí, èmi ni ahọ́n ìyá mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí iṣẹ́ náà já lé mi lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Àkàrà ni Màámi ń dín l'Àgbádárìgì, lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Màrínà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ láti etí ọ̀sà yóò ti gbóòórùn òróró kó tó rí ẹni tó ń dín nǹkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti lọ ẹ̀wà dé, wọ́n á ti lù ú nínú odó títí yóò fi fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi iyọ̀ sí i. A kì í tètè fi iyọ̀ sínú ẹ̀wà àkàrà. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀wà á sọ omi, àkàrà á sì rí pẹlẹbẹ bí ohun tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ dín lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa ń bù sínú abọ́ kékeré, wọ́n á fi iyọ̀ síbẹ̀, wọ́n á din ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó da ìyókù sí agbada.

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á tọ́ ọ wò fúnra wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi tọ́ iyọ̀ yìí wò." Màá fẹ́ atẹ́gùn sí àkàrà náà, màá jẹ ẹ́ tán pátá, màá wá dájọ́: ó kù, ó tó, ó ti pọ̀ jù. Wọn kì í bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ ahọ́n ní èrè tirẹ̀. Bí mo bá ti ní iyọ̀ kù, wọ́n á fi kún un, wọ́n á din òmíràn, àkàrà kejì tún di tèmi nìyẹn. Mo gbọ́n sí i. Ọjọ́ wà tí iyọ̀ tó tí mo ní ó kù. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà wá ń rojọ́ pé àkàrà òní dà bí omi òkun, Màámi kàn wò mí láti òkè délẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi tọ́ ọ wò." Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú irọ́ iyọ̀.

Mo ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó ṣàkíyèsí pé Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń pè mí. Ẹtì kan ni ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo gbọ́ láti orí ẹní pé ọmọ aládùúgbò ni wọ́n ń pè kó wá tọ́ iyọ̀ wò. Inú bí mi bí ẹni tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ẹnu ara wọn tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Ẹnu mi wà ní dídì."

Ọmọ Ògù ni ìyá mi, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Bàbá mi ni Ẹ̀gbá. Ní èdè Ògù, ẹni tó ń gbààwẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ ni: bla nù, bí a ṣe ń fi okùn di ẹnu àpò. Yorùbá ní tiwa, a máa ń gba ààwẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ "gbà" yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ṣé bí a ṣe ń gba àlejò ni, àbí bí a ṣe ń gba owó, àbí bí a ṣe ń gba ẹrù lórí ẹni tí ọrùn ń ro? Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Jésù ní kí ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ fi òróró kun orí, kó sì bọ́jú, kí ojú rẹ̀ má baà sọ fún aráyé pé ó ń gbààwẹ̀. Mátíù 6 ló wà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màámi ni mo rí: òróró ń ta sí wọn lápá, iwájú orí wọn ń dán, wọ́n ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Ẹni tó ń bọ́ gbogbo àdúgbò láti ìdájí, ta ni yóò fura pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì kan omi?

Ọmọ Àgbádárìgì kì í mọ̀ ọ́n rìn tán kí wọ́n tó sọ fún un pé ìlú rẹ̀ ni ìhìnrere ti kọ́kọ́ dún ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, náà dé. Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló dúró síbẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn CMS kọ́ parí ní 1845 ṣì wà ní Màrínà, Àjàyí Crowther sì gbé inú rẹ̀ kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí bọ́ọ̀sì máa ń kó wá wo ilé yẹn wà lára àwọn tó ń ra àkàrà Màámi jù lọ. Wọ́n á ra kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á tún ra nígbà tí wọ́n bá jáde, ọwọ́ òróró ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ ìwé tí tíṣà ní kí wọ́n kọ.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba Crowther ni ọ̀rọ̀ àkàrà. Ó tẹ ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá ní 1850; odindi Bíbélì, tí òun àtàwọn mìíràn jọ ṣe, kò délé tán títí di 1884. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Sátánì ti ní kí Jésù sọ òkúta di oúnjẹ lẹ́yìn ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, àkàrà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Jésù sì dáhùn pé ènìyàn kì yóò wà láàyè nípa àkàrà nìkan. Ẹ fojú inú wo ọmọ alákàrà tó jókòó sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì tó gbọ́ èyí! Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Mo tilẹ̀ rò pé ìmọ̀ràn Sátánì kò burú: òkúta ò ní èèpo láti bó, kò sì gba owó ẹ̀rọ. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé búrẹ́dì ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Síbẹ̀, èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe fún mi. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti agbada àkàrà láago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo kò tíì mọ ohun tí Sátánì fi lọ Jésù.

Màámi ò mọ̀wé kà. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, wọ́n á ní kí n ka ẹsẹ kan péré fún wọn nínú ibi tí oníwàásù ti kà. Màá kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní ó tó. Ẹsẹ yẹn ni wọn yóò máa jẹ lẹ́nu títí Sunday mìíràn, wọ́n á máa kùn ún lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń bó ẹ̀wà, bí wọ́n bá ń yí àkàrà padà. Èyí tó pẹ́ lẹ́nu wọn jù nínú gbogbo rẹ̀, láti inú ìwé Òwe orí 30 ni: "Má ṣe fún mi ní òṣì, má ṣe fún mi ní ọrọ̀, fi oúnjẹ tí ó tó fún mi bọ́ mi." Bí ọjà bá tà, wọ́n á kùn ún. Bí kò bá tà, wọ́n á kùn ún. Àdúrà tí kò béèrè ju ìwọ̀n lọ yìí máa ń bí mi nínú nígbà yẹn, nítorí bàtà ilé-ìwé mi ti lu.

Àṣàrò ni Bíbélì pe ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn. (Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àsáró ni mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́, ìyẹn iṣu tí a fi epo sè, mo sì máa ń rò pé ọmọlúàbí èèyàn ni Jóṣúà tí Ọlọ́run ní kó máa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án àti lóru.) Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n tú sí àṣàrò nínú Sáàmù kìíní, òun kan náà ni Àìsáyà orí 31 lò fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa. Nígbà tí mo kà nípa èyí, n kò ní láti lọ wá kìnnìún kankan. Mo ti gbọ́ ìkùn yẹn lẹ́yìn agbada.

Èmi wá mọ̀wé. Mo di tíṣà, mo wọ ìjọ ńlá tó ń fi ààwẹ̀ ọjọ́ 21 bẹ̀rẹ̀ ọdún, mo sì mú gbogbo rẹ̀ ní pàtàkì. Mo ní ìwé tí mo ń fi ṣètò kíka Bíbélì tán lọ́dún kan. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì, ó lé díẹ̀ ní orí mẹ́ta lóòjọ́. Mo ń kà á bí ẹni ń ka owó, mo ń fi bírò ṣá èyí tí mo bá kà tán. Mo parí rẹ̀ lọ́dún náà. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ni mo rí nínú Náhúmù, ìbéèrè náà á kọjá agbára mi.

Ààwẹ̀ mi nígbà yẹn ní ariwo. Láago mẹ́fà àárọ̀, mo ti gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp: ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú iná àti ọwọ́ àdúrà. Tí ẹnì kan bá fi gúgúrú lọ̀ mí ní yàrá àwọn tíṣà, dípò kí n dúpẹ́, màá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni mímọ́, màá ní, "Rárá o, mo wà lórí òkè." Ọmọbìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó ń bá mi ṣiṣẹ́ ilé. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mi á ti gbóná sí i: ṣé ẹran ti rọ̀, ṣé ó rò pé mo fẹ́ fi omi ṣínu ni? Láago mẹ́fà géérégé, abọ́ mi gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ọmọ náà kò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ń jẹun.

Iṣẹ́ kan ni mo ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ tó sàn ju èyí tí mò ń ṣe lọ. Mo lo ọjọ́ 21 pé. Mo tún fi mẹ́ta lé e, ààwẹ̀ gbẹrẹfu tí kò ní omi nínú, nítorí ẹnì kan ní báyìí ni Ẹ́sítérì ṣe é. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbà jáde, tèmi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀tàn kọ́: ìbínú tó bí mi sí Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn jọ ti oníbàárà tó ti sanwó tí wọn ò gbé ọjà fún. Ọ̀rọ̀ "gbà" mi jáde: gba owó ni. Mo ti san, Ó yẹ kí Ó gbà, kí Ó sì fún mi ní ṣéńjì.

Mo pa ààwẹ̀ tì. Nígbà tó yá, Bíbélì náà ń tẹ̀lé e lọ. Ọdún méjì kọjá báyẹn, mi ò ní fi àròyé kún un.

Àtọ̀gbẹ ló dé bá Màámi. Ṣúgà wọn ga nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà kọ oògùn, ó sì kìlọ̀ fún wọn: oògùn yìí máa ń mú ṣúgà wálẹ̀, ẹni tó bá lò ó tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì dá a wó. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní, "Dókítà, mo ti dàgbà." Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn ka ìdáhùn yẹn sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn kọ́ rárá ni, ó dà bí ìgbà tí èèyàn béèrè ọ̀nà tí wọ́n sọ iye ọjọ́ orí wọn fún un.

Lọ́dún 2025, Ràmàdáánì àti Lẹ́ǹtì dì mọ́ ara wọn. Ti Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eléérú, tí àwa Kristẹni fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, bọ́ sí ọjọ́ 5. Gbogbo alákàrà ló mọ ohun tí irú oṣù bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọjà: àárọ̀ á kú, ìrọ̀lẹ́ á sọjí, nítorí àwọn tó fẹ́ fi àkàrà àti ògì gbígbóná ṣínu. Màámi yí ọjà wọn sí ìrọ̀lẹ́. Mò ń ti ilé-ìwé bọ̀ lọ́jọ́rú kan, báàgì ṣì wà léjìká mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn: "Wá bá mi tọ́ iyọ̀ yìí wò." Ọmọ mi ọkùnrin ni wọ́n ń pè.

Mo dúró. Ọmọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí àkàrà, ó ń ronú bí adájọ́. Mo wo Màámi. Òógùn bo ìpéǹpéjú wọn. Mo kọ́kọ́ pè é ní ooru iná, títí mo fi rí i pé ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́rùn, ó tutù. Mo sáré po ṣúgà sómi nínú ife, mo gbé e sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n di ife náà mú, wọn ò mu. Wọ́n ní, "Aago mélòó ló lù?"

Ó ku bíi wákàtí kan kí aago mẹ́fà lù. Mo ní, "Màámi, ẹ mu ún."

"Ó kù díẹ̀ náà ni."

Mi ò pariwo mọ́ ìyá mi rí, ṣùgbọ́n mo pariwo mọ́ wọn níwájú gbogbo oníbàárà. Wọ́n mu ún. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún pariwo.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó síta, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́. Mo ṣàlàyé oògùn, mo ṣàlàyé ṣúgà. Wọ́n ní dókítà ò mọ ohun tó wà láàárín àwọn àti Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run ò sọ pé kí ẹni tó ń ṣàìsàn pa ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ti pẹ́ tí mo ṣí Bíbélì kẹ́yìn, orí mi sì ṣófo. Mo wọlé lọ gbé e. N kò mọ ibi tí mò ń lọ, ọwọ́ mi ń ṣí i ṣáá, títí mo fi bọ́ sínú ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 14, ibi tí mo ti fi bírò ṣá lọ́dún ijọ́un tí n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Sọ́ọ̀lù ọba fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sábẹ́ ìbúra: ègún ni fún ẹni tó bá fẹnu kan oúnjẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Ogun ń lọ, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n wọ inú igbó kan, oyin ń kán sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Jónátánì ọmọ Sọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ búra. Ó ti orí ọ̀pá rẹ̀ bọ oyin náà, ó fi kan ẹnu, ojú rẹ̀ sì là. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní bàbá òun ti yọ ilẹ̀ náà lẹ́nu. Ibi tí kò jẹ́ kí n lè sùn lóru náà ni ìparí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ebi ti pa àwọn ọmọ ogun tó fi jẹ́ pé wọ́n já lu ẹran ìkógun, wọ́n pa á sórí ilẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tòun tẹ̀jẹ̀, ohun tí Òfin ní kí wọ́n má ṣe. Ààwẹ̀ ọba ló tì wọ́n débẹ̀.

Mo kà á tán. Mo retí pé wọ́n á jiyàn. Màámi dákẹ́ títí tí ọkọ̀ ojú omi kan fi kọjá tí a sì gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé òdìkejì.

Wọ́n ní, "Jónátánì kàn tọ́ ọ wò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó wà nínú Bíbélì pé kí a tọ́ ọ wò?"

Sáàmù 34 ni, ẹsẹ kẹjọ. Mo kà á: "Tọ́ ọ wò, kí o sì rí i pé, rere ni Olúwa." Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó tó, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ ọ̀sẹ̀ yẹn ti wọlé.

Ní Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọ̀sán gangan, mo gbé oúnjẹ àti oògùn síwájú wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Èmi kò tíì rí ẹni tó jẹun báyẹn rí: òkèlè kan, wọ́n á dúró; òkèlè kan, wọ́n á wo ibòmíràn. Omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi di ẹnu wọn lọ́jọ́ náà, títú rẹ̀ sì le fún wọn ju dídì lọ. Bí wọ́n ti jẹun tán, wọ́n bi mí pé, "Kí ni mo wá fẹ́ máa gbé lọ bá a báyìí?"

N kò ní ìdáhùn. Mo lè ka Àìsáyà 58 fún wọn, mo lè ní ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí a bọ́ ẹni tí ebi ń pa, kí a tú ẹrù tó wúwo. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ kà á fún? Ẹni tó ń fi àkàrà méjì lé méjì fún gbogbo ọmọ tí owó rẹ̀ kò bá pé? Èmi ni orí náà ń bá wí. Ibì kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run ti ní, lọ́jọ́ ààwẹ̀ yín, ẹ ń ṣe fàájì ara yín, ẹ sì ń ni àwọn òṣìṣẹ́ yín lára. Ọmọbìnrin tó ń dáná fún mi láago márùn-ún ni mo rántí. Ó ti relé ọkọ nígbà yẹn, ní Ajára. Mo lọ kí i, mo tọrọ àforíjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rántí. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó rántí.

Ohun tí mo sọ fún Màámi lọ́sàn-án Ẹtì yẹn ni pé màá gba Ọjọ́rú àti Ẹtì náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọn kì í gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Mo ní, "A kì í gba ẹrù lórí àgbà ni?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

(Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ báyìí. Mo ti yí ọjọ́ padà kí n tó kọ èyí, torí náà, ẹ má wulẹ̀ kà á sí mi lọ́rùn. Ẹ sì má sọ fún ìyá mi.)

Ó ti ju ọdún kan lọ. Mi ò tíì ríran, mi ò sì tíì gbọ́ ohùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, orí máa ń fọ́ mi díẹ̀. Ní aago méjìlá, ó máa ń dà bíi pé kí n bínú sí gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì, pàápàá àwọn tí bàbá wọn ra míìtì-páì fún. Wákàtí tí mo fi ń jẹun ọ̀sán ti ṣófo, mo ń fi ka ẹsẹ kan. Ẹyọ kan. Ebi kì í jẹ́ kí èèyàn lè sáré kàwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ojú á máa padà sí. Mo ti wà nínú Sekaráyà orí keje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà kan, níbi tí Ọlọ́run ti bi àwọn tó ti gbààwẹ̀ fún àádọ́rin ọdún bóyá Òun ni wọ́n gbà á fún. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rántí iṣẹ́ tí wọn ò fún mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kàn ń kùn ún. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan gbọ́, ó ní ta ni mò ń bá jà.

Iṣẹ́ náà kò dé títí di òní. Tíṣà ni mo ṣì jẹ́.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, orúnkún ń dun Màámi, èmi ni mo bá wọn jókòó ti agbada. Ẹtì ni. Mo lu ẹ̀wà títí apá mi fi wú, mo bù ú sínú abọ́ kékeré, mo fi iyọ̀ sí i, mo din ẹyọ kan. Ọmọ mi ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọn oníbàárà ti tò, Màámi jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpótí.

Mo na àkàrà náà sí wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́ iyọ̀ yìí wò."

Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi tutù, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

"Iyọ̀ kù," ni wọ́n wí. "Din òmíràn."